Àwọn Ìwé Tí Kọ̀ǹpútà Ní Wọn Kò Lọ́jọ́

Ọyẹ́ ti bo gbogbo ojú ọ̀sà láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí. Láti ẹ̀yìnkùlé wa, níbi tí mo ti máa ń rí àwọn igi àgbọn Tọ́pò lódìkejì omi kedere, funfun lásán ni mo ń wò. Ọkọ̀ kan ń kọjá, mo gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mi ò rí i. Afẹ́fẹ́ tutù, ó sì gbẹ, aṣọ tí mo gbàgbé síta lálẹ́ ti gan. Mo fi òrí pa ètè mi, mo sì fi òrí pa ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, nítorí kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó o. Mo sọ fún un pé oòrùn ò ní yọ títí aago mẹ́wàá á fi lù. Kò burú. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n dá fún wa nílé ìwòsàn.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọmọ ìyá mi ni. Àjàṣẹ́, lódìkejì ẹnubodè níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Ibẹ̀ ló relé ọkọ sí, ibẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ náà ló di opó sí. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo lọ fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sílé ní Àgbádárìgì, torí àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká, kò sì yẹ kí àgbàlagbà máa dá gbé. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń bá a fínra. Dókítà tó ń wò ó báyìí, obìnrin kan tó máa ń fara balẹ̀, wà nílé ìwòsàn kan lójú ọ̀nà márosẹ̀, téèyàn bá ti ń sún mọ́ Ìjanìkin.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ọlọ́yẹ́ yẹn ni dókítà yìí sọ fún wa pé oògùn kan wà tó dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru, tó tún ń dáàbò bo kíndìnrín, òun sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa lò ó. Ó rí i lára ìwé kan pé wọ́n ti fún un rí ní Àjàṣẹ́. Àmọ́ ó ní oògùn náà máa ń mú kí ahọ́n àti ọ̀nà ọ̀fun àwọn kan wú.

Ó bi í pé, "Ǹjẹ́ irú rẹ̀ ti ṣe yín rí, Màmá?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti ṣe òun lẹ́ẹ̀kan. Ètè òun wú, ahọ́n òun wú tí ẹnu òun ò fi lè padé, wọ́n sì gbé òun lọ gba abẹ́rẹ́ ní kílíníìkì kékeré kan nítòsí ilé.

"Ṣé ẹ ti ń lo oògùn yìí nígbà náà, àbí ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, èmi náà wò ó. Ẹni tó ti ń gbé oògùn mì láàárọ̀ lálẹ́ fún ogún ọdún, funfun lónìí, pupa lọ́la, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó kọ́kọ́ dé?

Ó ní, "Dókítà, ẹ ò ṣe kúkú bi mí lórúkọ gbogbo ẹja tí mo ti jẹ láti kékeré."

Dókítà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ti wú kó tó fẹnu kan oògùn yìí rárá, á jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló fà á, òun á fún un, òun á sì máa ṣọ́ ọ. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn náà ló wú, kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́ láyé, torí ẹ̀ẹ̀kejì lè dí ọ̀nà èémí rẹ̀. Ó ní ká kó gbogbo ìwé ìwòsàn rẹ̀ jọ, ti Àjàṣẹ́ àti ti Àgbádárìgì, ká tò wọ́n tẹ̀ léra láti orí èyí tó pẹ́ jù dé orí èyí tó dé kẹ́yìn, ká fi ránṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà òun kí a tó padà wá.

Àpò làílọ́ọ̀nù méjì ni ìwé náà kún. Òmíràn ti pọ́n bí ewé gbígbẹ, òmíràn ti fẹ́ ya lójú ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. Ọmọ mi obìnrin ló gbà á lọ́wọ́ wa. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà nítòsí ọjà Agbálátà, níbi tó ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, tó ń bá àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga fi orúkọ sílẹ̀. Ọmọ náà ti tó ẹni ogójì ọdún, àmọ́ ọmọ mi ṣì ni.

Ó ní, "Màmá, ẹ má ṣèyọnu. Mi ò tiẹ̀ ní í fọwọ́ tò ó. Kọ̀ǹpútà ló máa tò ó fúnra rẹ̀."

Mo ní kó ṣàlàyé kó yé mi. Ó ní òun máa ya àwòrán ìwé kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á wá ojú ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ sí, á kà á, á fi ọdún àti oṣù àti ọjọ́ náà sọ ìwé yẹn lórúkọ, á sì jù ú sínú àpò oṣù tirẹ̀. Ó yé mi. Bí mo ṣe máa ń to ọjà nìyẹn nígbà tí mo ṣì ń tajà: èyí tó máa kọ́kọ́ bàjẹ́ níwájú, èyí tó ṣì lágbára lẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọlọ́yẹ́ yẹn ló gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ wá sílé wa. Ó gbé e sórí tábìlì, ó ti abọ́ kókó ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "Ó ti parí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló fi tò ó."

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè. "Ìṣẹ́jú mẹ́rin? Ogún ọdún tí mo fi ṣàìsàn?"

"Màmá Àjàṣẹ́, ẹ̀rọ ni. Kì í sinmi."

"Èmi náà ò sinmi nígbà yẹn."

Mo fa àga mi sún mọ́ wọn, mo ní kó fi hàn mí. Mi ò ní ohunkóhun lọ́kàn, mo kàn fẹ́ rí i ni. Ó fi àwọn àpò náà hàn mí lójú kọ̀ǹpútà, ọdún lábẹ́ ọdún, oṣù nínú ọdún. Ó dára lójú. Àmọ́ mo rí àpò kan nísàlẹ̀ pátápátá, ìwé inú rẹ̀ sì pọ̀ ju ti gbogbo àwọn tó kù lọ.

"Kí ni tibí yìí?"

"Àwọn tí kò lọ́jọ́ nìyẹn. Kọ̀ǹpútà wá ọjọ́ lára wọn títí, kò rí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Ẹ̀yìn ni mo máa kó wọn sí."

Mo ti lọ sílé ìwòsàn fún ara mi, fún ọkọ mi, fún ọmọ márùn-ún àti ọmọ ọmọ mẹ́sàn-án. Àwọn nọ́ọ̀sì lè gbàgbé láti kí ọ, àmọ́ mi ò tíì rí èyí tó gbàgbé láti kọ ọjọ́ sórí ìwé.

Mo ní, "Ṣí ọ̀kan fún mi."

Ó ṣí i. Ìwé ilé ìwòsàn ńlá Àjàṣẹ́ ni, òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù wà lókè rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀ náà ni wọ́n kọ ọ́ sí gbàgàdà: *le 14 avril*, pẹ̀lú ọdún rẹ̀. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́.

"Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin."

Ọmọ mi wò mí. Ó ṣí òmíràn. *9 février*. Mo ní, "Oṣù kejì, ọjọ́ kẹsàn-án." Ó ṣí ẹ̀kẹta. *30 décembre*. Mo ní ọdún ku ọ̀la nìyẹn.

Ó ní, "Màmá, ta ló kọ́ yín ní Faransé?"

"Mílíìkì ló kọ́ mi."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, torí ó mọ ìtàn náà. Ọmọ mi ò mọ̀ ọ́n. Mo sọ fún un.

Ìwé mẹ́ta ni mo kà kí n tó kúrò nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Kútọnu lọ ra mílíìkì inú agolo àti tòmátò inú agolo wá sí Agbálátà, ojú ni mo fi ń rajà. Páálí tó bá mọ́, tí kò ya, tí agolo inú rẹ̀ ò sì dógùn-ún, mo gbé e. Lọ́dún kejì mo gbé ẹrù kan délé tó mọ́ gan-an. Àwọn oníbàárà gbé e lọ, wọ́n gbé e padà. Mílíìkì náà ti dì bí wàrà. Tíṣà kan tó wà lára wọn ló ka ara páálí fún mi, ó ní oṣù tí wọ́n kọ síbẹ̀ ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Ilẹ̀ ni mo gbẹ́, mo da gbogbo rẹ̀ sí i.

Nígbà tí mo padà dé Kútọnu, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo lọ bá ìyá kan tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀, Ẹ̀gùn bíi tàwa ni, mo ní kó fi oṣù hàn mí lára páálí. Ó rẹ́rìn-ín mi títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní ṣé láti ọjọ́ yìí wá ojú lásán ni mo fi ń wo òun. Àmọ́ ó fi hàn mí. Mo ní kó fi ọ̀bẹ gé ojú ibẹ̀ fún mi, kó sì sọ oṣù kelòó ni. Bí mo ṣe ń bá a lọ nìyẹn. Páálí tó bá ní oṣù tí mi ò tíì ní, mo máa ní kí wọ́n gé e fún mi. Ó gbà mí tó ọdún kan kó tó pé méjìlá, torí ọjà kan kì í ní gbogbo oṣù. Mo lu ihò sí wọn lórí, mo fi okùn rọ́fíà sín wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, mo sì ń gbé e káàkiri nínú àpò. Tí mo bá fẹ́ rajà, mo máa yọ okùn mi, mo máa gbé e ti páálí, mo máa wo èyí tó bára mu, mo máa fi ìka kà á láti òkè. Àwọn tó ń tajà á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá yìí ń ka ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Kò sí ọjà tó bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó yá, mi ò wo okùn náà mọ́. Ó ti wọ orí.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ọmọ mi fi ọwọ́ lérán, ó ń wo kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ó ní, "Mo ti rí ibi tí mo ti ṣe é. Orúkọ oṣù lédè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni mo kọ sínú ètò yẹn. Tó bá ti rí ọ̀rọ̀ mìíràn, ó máa rò pé kì í ṣe oṣù."

"Kò mọ ju ohun tó o kọ́ ọ lọ."

"Ó dáa, ẹ máa pè é fún mi."

Mo jókòó dáadáa, mo bẹ̀rẹ̀. *Janvier. Février. Mars.* Mo ń pè é, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń kọ oṣù kìíní, oṣù kejì, oṣù kẹta sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí mo bá pe èyí tí kò dá a lójú, ó máa lọ wo bó ṣe wà lára ìwé. Mo tún sọ fún un pé nígbà mìíràn wọ́n máa ń gé oṣù kúrú, wọ́n á kọ díẹ̀ lára rẹ̀, wọ́n á fi àmì tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn, torí àwọn tó ń ṣe páálí ò fẹ́ fi yíǹkì ṣòfò. Ó fi ìyẹn náà sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ń tún un pè lẹ́yìn mi bí ọmọ ilé ìwé.

Ọmọ mi tẹ bọ́tìnnì. A jókòó, a ń wò ó. Àpò àwọn tí kò lọ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọn. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n di ogún, ogún di mẹ́sàn-án, mẹ́sàn-án di méjì. Ibẹ̀ ló ti dúró.

Mo ní, "Ṣí méjèèjì."

Ọ̀kan jẹ́ *1er août*, èkejì jẹ́ *1er mars*. Ọmọ mi ní kọ̀ǹpútà ò mọ ohun tí wọ́n so mọ́ ìdí oókan yẹn. Mo ní ọjọ́ kìíní oṣù nìyẹn. Ọjọ́ kìíní nìkan ni wọ́n máa ń wọ̀ ní fìlà, àwọn ọjọ́ tó kù ń lọ lórí òfo. Ó kọ ìyẹn sí i, ó tún tẹ bọ́tìnnì, àpò náà ṣófo. Ẹ̀gbọ́n mi pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn, mi ò ní í purọ́. Lọ́jọ́ orí mi, mo kọ́ kọ̀ǹpútà lóṣù.

Àmọ́ kì í ṣe nítorí ìyẹn la ṣe jókòó. Ìwé méjì ni à ń wá: èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ oògùn náà fún ẹ̀gbọ́n mi, àti èyí tí wọ́n fún un níjọ́ tí ẹnu rẹ̀ wú. Ọmọ mi rí ti oògùn, nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́nà jáde. *12 mai*, ọjọ́ kejìlá oṣù karùn-ún. Ó rí ti ẹnu wíwú, ti kílíníìkì kékeré yẹn. Kọ̀ǹpútà ti tò ó tipẹ́ láìsí ìjà, nínú ọdún kan náà: oṣù kẹta, ọjọ́ kẹfà.

Ọmọ mi ní, "Ó parí! Ẹnu wú lóṣù kẹta, oògùn dé lóṣù karùn-ún. Oògùn ò mọwọ́mẹsẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Mawu, Ọlọ́run wa. Kí dókítà fún mi ní oògùn mi, kí n simi."

Aago mẹ́wàá ti kọjá nígbà náà, oòrùn sì ti ń gbìyànjú láti yọ. Ọmọ mi ti fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà.

Mo ní, "Dúró ná."

"Kí ló dé, Màmá?"

"Jẹ́ kí n rò ó."

Ọjọ́ tí ẹnu ẹ̀gbọ́n mi wú, mo wà ńbẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo dé Àjàṣẹ́. Mo gbé àgbàdo tútù lọ fún un, láti ẹ̀yìnkùlé mi, mo ti sè é pẹ̀lú háhá rẹ̀ kó má bàa gbẹ lójú ọ̀nà. Mo bá a tí ètè rẹ̀ ti dà bí ètè ẹlòmíràn. Ó na ọwọ́ sí àgbàdo, kò lè la ẹnu. Èmi àti aládùúgbò rẹ̀ la gbé e lọ sí kílíníìkì. Nígbà tí a fi máa dé, àwọn ọmọ ilé náà ti jẹ gbogbo àgbàdo tán.

Mo ní, "Ta ló ń jẹ àgbàdo tútù lóṣù kẹta? Oṣù kẹta là ń gbìn ín."

Ọmọ mi ní, "Màmá, àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn wà o. Wọ́n ń bomi rin ín."

"Ti ẹ̀yìnkùlé mi ni. Mi ò bomi rin àgbàdo rí láyé mi. Òjò ló ń bá mi ṣe é." Mo tún rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ̀ wa dúró lójú omi lọ́jọ́ yẹn, tí awakọ̀ ń yọ ewé tó lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ewé yẹn kì í bo ojú ọ̀sà àyàfi tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Mo sọ ìyẹn náà fún un.

"Màmá, kọ̀ǹpútà kì í purọ́."

"Mi ò ní ó purọ́. Mo ní kò mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi wo èmi, ó wo ọmọ mi. Ó ní, "Ìwọ kàwé, ìyá rẹ ka páálí. Èmi wà láàárín, ahọ́n mi sì ni ẹ ń fi jiyàn."

Ọ̀rọ̀ yẹn pa wá lẹ́rìn-ín, àmọ́ òótọ́ ni. Tí mo bá ṣàṣìṣe, wọ́n á fi oògùn tó dára dù ú lásán. Tí kọ̀ǹpútà bá ṣàṣìṣe, a ó gbé ohun tó lè pa á lé e lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Mo ní, "Má fi oṣù tí kọ̀ǹpútà sọ hàn mí. Fi ìwé náà fúnra rẹ̀ hàn mí."

Ó ṣí i. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n kọ pẹ̀lú bírò: 03/06, ọdún sì tẹ̀ lé e.

Mo ní, "Èwo ni ọjọ́, èwo ni oṣù?"

Ọmọ mi sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó ń wo nọ́ńbà méjèèjì.

"Ìwé mìíràn wà láti kílíníìkì yẹn?"

Ó wá a. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà, ti ikọ́ kan tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi lọ́dún tó ṣáájú. 22/11 ni wọ́n kọ sí i. Ìkọ̀wé kan náà, odo inú ọdún rẹ̀ náà ò padé lókè.

Mo ní, "Oṣù mélòó ló wà lọ́dún?"

Ó ní, "Méjìlá." Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ṣé oṣù kejìlélógún wà?"

"Kò sí."

"Á jẹ́ pé ọjọ́ ni akọ̀wé yìí máa ń kọ ṣáájú. Èèyàn kì í fi ọjọ́ ṣáájú lọ́dún kan kó wá fi oṣù ṣáájú lọ́dún kejì. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọmọ mi gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́ ni wọ́n ṣe gbé ètò náà kalẹ̀, oṣù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú, òun ò sì yí i padà nígbà tí òun gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Tí nọ́ńbà iwájú bá ju méjìlá lọ, ó máa rí i pé kò lè jẹ́ oṣù, á yí i padà fúnra rẹ̀. Tí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, á mú un bí oṣù, á sì máa lọ. Ìwé ti Àgbádárìgì ò ní wàhálà nítorí òǹtẹ̀ wọn máa ń fi ọ̀rọ̀ kọ oṣù.

Ó ní, "Kò sì sọ fún mi."

"Ṣé o bi í?"

"Mi ò bi í, Màmá. Èyí tí kò rí ọjọ́ rẹ̀ nìkan ni mo wò. Èyí tó ní òun rí, mi ò wò ó."

Mo ní kò burú. Bí ọjà ṣe ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Páálí tó ya, gbogbo èèyàn ló ń yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó mọ́ ló máa ń dójú tini.

Ó yí ètò náà padà, pé ọjọ́ ló ń ṣáájú. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ìwé mọ́kànlá ló dìde níbi tí wọ́n jókòó sí, tí wọ́n lọ síbòmíràn. Ìwé ẹnu wíwú fi oṣù kẹta sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ sí oṣù kẹfà, ọjọ́ kẹta, sísàlẹ̀ ìwé oògùn. Ọmọ mi kà á lórí ìka. Ọjọ́ méjìlélógún péré lẹ́yìn tí wọ́n kọ oògùn náà fún un ni ẹnu rẹ̀ wú.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé ọ̀fun rẹ̀. "Nọví, àbúrò mi, ìyẹn ni pé..."

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Òun ni."

Gbogbo rẹ̀ wá yé wa. Ilé ìwòsàn ńlá ló fún un ní oògùn náà, kílíníìkì kékeré ló gún un lábẹ́rẹ́, ọ̀kan ò gbọ́ ti èkejì. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ yẹn, kò lè gbé oògùn mì fún ọjọ́ mélòó kan, ọ̀rá oògùn náà sì wà lójú fèrèsé níbẹ̀ títí a fi gbàgbé rẹ̀. Ìgbàgbé yẹn ló kó o yọ. Nígbà tó dé ibí, wọ́n fún un ní òmíràn, kò sì sẹ́ni tó tún ronú kan ti àtijọ́.

Ọmọ mi fi gbogbo ìwé náà ránṣẹ́. A wọ mọ́tò, a lọ. Mo jókòó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, mo ń wo ojú ọ̀nà, ara mi balẹ̀ bí ìgbà tí mo bá gbé ọjà tó dáa délé.

Dókítà ti ṣí ìwé náà sílẹ̀ nígbà tí a wọlé. Ó ń fi ìdí bírò tẹ̀ lé e lójú kọ̀ǹpútà, láti òkè wá sísàlẹ̀. Nígbà tó dé oṣù karùn-ún ọdún yẹn, ó dúró. Ó wo oṣù kẹfà. Ó padà sókè, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa ìwé kékeré kan jáde lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó fà á ya sí méjì.

Ó ní, "Mo ti kọ oògùn náà sílẹ̀ fún yín, Màmá. Ẹ bá ti gbà á lọ́sàn-án yìí."

Ó fi bírò pupa kọ nǹkan sí iwájú fáìlì ẹ̀gbọ́n mi, ó fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀, ó sì kọ oògùn mìíràn tí kò bá ti àkọ́kọ́ tan rárá. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ẹni tó to ìwé náà, torí ó ní ọ̀pọ̀ ìwé tó ń ti òdìkejì ẹnubodè wá máa ń dàrú mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Ọmọ mi ní, "Kọ̀ǹpútà ló tò ó, Mà. Màmá mi ló kọ́ kọ̀ǹpútà."

Dókítà yíjú sí mi. "Màmá, ìwé mélòó lẹ kà?"

Mo ní, "Mẹ́ta. Àti páálí méjìlá."

Kò yé e, ẹ̀gbọ́n mi ló ṣàlàyé fún un, ó fi iyọ̀ àti ata sí i, títí nọ́ọ̀sì fi wá wo ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Mo jókòó ní tèmi, mo ká ọwọ́ lé itan. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń mí, ìyẹn tó mi.

Lọ́jọ́ kejì, kí àwọn oníṣọ́ọ̀bù tó ṣí, mo ti dé ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi. Mo ní kó tẹ orúkọ oògùn náà sórí káàdì pé ẹ̀gbọ́n mi ò gbọdọ̀ lò ó, lẹ́tà ńlá, Gẹ̀ẹ́sì lápá kan, Faransé lápá kejì, kó fi rọ́bà bò ó kí omi má bàa bà á jẹ́. Ó bi mí pé ṣé ọ̀kan ni. Mo ní mẹ́ta. Nígbà tí mo gbé e délé, ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò ní gbé e kọ́rùn o, òun kì í ṣe ewúrẹ́ ọdún. Mo ní kò sẹ́ni tó ní kó gbé e kọ́rùn. Mo kó tòbí rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, mo fi káàdì kọ̀ọ̀kan sínú àpò wọn, mo gbé abẹ́rẹ́, mo rán ẹnu àpò náà pa yíká kí káàdì má bàa já bọ́. Nígbà tí mo parí ẹ̀kẹta, mo fi eyín já òwú, mo gbé tòbí náà fún un, mo sì dúró tì í títí ó fi wọ̀ ọ́.